Pẹ́ńsùlù Lórí Ojú Màmá

Àbámẹ́ta, 17 Òkítóbà 1959

Tíṣà Fáṣínà ní ẹni tó bá dáwọ́ lé iṣẹ́ ńlá gbọ́dọ̀ máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Èmi ò lè ṣe ti ojoojúmọ́. Ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni màá kọ, ọjọ́ tí nǹkan ò bá ṣẹlẹ̀ kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Mo ti mọ́ṣáláṣí dé lánàá, mo bá Tíṣà lórí bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń wo àwọn fótò ara ògiri. Ó ní, "Àlàní, ní ìwòyí ọdún tó ń bọ̀, Òyìnbó á ti kó ẹrù wọn. Wọ́n á ní láti òní lọ, ọmọ Nàìjíríà ni ẹ́. Ta ní ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé o ti rí i rí?" Mo ní mi ò rí i rí. Ó ní, "Lọ yà á wá fún wa."

Mo fi rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Ogún èèyàn la máa yà, gbogbo wọn olùgbé Ìwó, ibi yòówù kí wọ́n ti wá. Àga kan náà, aṣọ funfun kan náà lẹ́yìn wọn. A máa gbé wọn kọ́ sí gbọ̀ngàn ilé ìwé Tíṣà lọ́jọ́ òmìnira. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ya fótò ìyàwó ojú ọ̀nà àti ti ẹni tó ń lọ sí Èkó. Kò sẹ́ni tó gbé irú iṣẹ́ báyìí wá fún mi rí. Òjò rọ̀ lọ́sàn-án, ó jọ pé òun ló gbẹ̀yìn.

Àtìnì, 26 Òkítóbà

Èèyàn mẹ́fà ti jókòó lórí àga. Mo ya Málàm tó ń ta obì ní Sábó, tó ti wà ní Ìwó kí wọ́n tó bí mi. Mo ya obìnrin Tápà tó ń ta ẹja yíyan, télọ̀ ará Ìbò tó wà nítòsí ibùdókọ̀, àgbẹ̀ kan láti Olúpọ̀nnà, alágbẹ̀dẹ ará Ilé-Ogbó àti ìyàwó rẹ̀.

Nígbà tí mo tẹ́ wọn sílẹ̀ lórí tábìlì, ilà ṣáá ni ojú mi ń rí. Ti Málàm tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ẹnu ológbò, ti obìnrin Tápà ẹyọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ti alágbẹ̀dẹ àbàjà gbàǹgbà. Mo bi ara mi pé níbo ni Nàìjíríà wà nínú èyí. Ni mo bá mú pẹ́ńsùlù.

Ẹni tí kò mọṣẹ́ á rò pé orí bébà la ti ń ṣe é. Orí fíìmù ni. Ibi tí ilà bá wà tó dúdú lójú èèyàn á mọ́ gaara lórí fíìmù, èèyàn á fi ẹnu pẹ́ńsùlù kún un díẹ̀díẹ̀, bí fótò bá fi máa jáde, ojú ti dán. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú yìí ń sanwó lé e. Ohun tí olóòlà fi abẹ ṣe fún èèyàn ní kékeré, èmi Àlàní ń pa á rẹ́ lọ́sàn-án kan. Mi ò sọ fún ẹnì kankan nínú àwọn mẹ́fà náà. Mo fi hàn Tíṣà, ó wò ó títí, ó ní, "Ó dán o." Mo gbà á bí ìyìn.

Àlàmísì, 29 Òkítóbà

Mo ti fẹ́ ya Màmá láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ìyàwó kékeré bàbá bàbá mi ni wọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n bí mi ni ìyá mi kú, Màmá ló pọ̀n mí dàgbà. Gbogbo agbolé ló mọ̀ pé ogun ló kó Màmá wá sí Ìwó. A kì í sọ ọ́.

Mo kúnlẹ̀ tì wọ́n níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ. Mo ní ẹ jẹ́ kí n ya yín. Wọ́n ní kí ni mo fẹ́ fi ojú arúgbó ṣe. Mo ní a fẹ́ kí ayé rí ẹni tó ń jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú wọn. "Àlàní, ọmọ ibo ni mo jẹ́ gan-an ni mi ò tíì mọ̀, ìwọ ń sọ ti Nàìjíríà."

Wọ́n wá gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo ti lò láyé, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ yìí rí. Wọ́n ní, "Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi ni mo wà. A ń sáré. Ọ̀já tú, mo já bọ́. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí mi nílẹ̀, ó tún ń sáré lọ. Ọmọdé ni òun náà, mi ò bínú sí i. Mi ò mọ orúkọ ìlú wa. Mi ò mọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi mọ́, èyí tí wọ́n ń pe èmi fúnra mi ti lọ. Ilà ojú mi yìí nìkan ni mo bá wọ Ìwó, òun nìkan ni wọn ò rí gbà lọ́wọ́ mi."

Wọ́n ní àwọn á jókòó fún mi, àmọ́ ohun kan wà. Kí n fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ irú ilà náà. "Bí ẹnì kan bá ṣẹ́kù níbẹ̀, kó rí i pé mo wà." Mo ṣèlérí. Mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀, mo fi kan orí mi.

Àìkú, 1 Nòfẹ́ńbà

A ya Màmá láàárọ̀, kí oòrùn tó le. Mẹ́ta gbọọrọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, àti ẹyọ kékeré kan lábẹ́ ojú òsì. Tíṣà Fáṣínà wà níbẹ̀. Ó sún mọ́ wọn, ó tọrọ gáfárà, ó wò wọ́n dáadáa. Ó ní nígbà tí òun ń ṣe tíṣà ní apá Ìlá, òun rí irú ilà yìí ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Òkè-Ọsàn, ọ̀rẹ́ òun Àyànbádéjọ ṣì ń kọ́ni níbẹ̀. Màmá di ọwọ́ àga mú.

Tíṣà ní lọ́jọ́ Àlàmísì, lọ́rì kan ń lọ síbẹ̀, kí n ti di fótò náà sínú àpòòwé kó tó di ọjọ́ náà.

Àlàrùbá, 4 Nòfẹ́ńbà

Mo fọ fíìmù Màmá. Kí n má purọ́, ó dára ju gbogbo èyí tí mo ti yà lọ. Mo jókòó ti fèrèsé, mo mú pẹ́ńsùlù. Ọwọ́ mi ti mọ ọ̀nà. Mo ń kọrin lábẹ́nu. Nígbà tí mo fi máa gbórí sókè, oòrùn ti yí, ojú Màmá ti dán bíi ti ọmọge. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde ní mẹ́ta.

Ṣẹ̀fíátù ìyàwó mi gbé oúnjẹ wọlé. Ó wo fótò. Ó ní, "Bàbá Mùrí, ilà Màmá dà?"

Mo ní mo ti bá wọn tún un ṣe.

Ó ní, "Èyí tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ ńkọ́?"

Ó ti bọ́ lọ́kàn mi pátápátá. Kí n tó lè fọ pẹ́ńsùlù yẹn kúrò, kó gbẹ, kí n tún un tẹ̀, ó di ọjọ́ méjì, lọ́rì sì ń lọ lọ́la. Ìyẹn ni mo sọ fún Ṣẹ̀fíátù. Èyí tí mi ò sọ ni pé mi ò fẹ́ fọ̀ ọ́. Mi ò tíì fọwọ́ ṣe nǹkan tó mọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní ojú èèyàn kì í ṣe ilà nìkan, ẹ̀jẹ̀ á mọ ẹ̀jẹ̀. Ṣẹ̀fíátù wò mí, ó kó àwo, ó jáde. Mo lẹ àpòòwé.

Jímọ̀, 6 Nòfẹ́ńbà

Mo fún Màmá ní tiwọn. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà. "Ta nìyí? Ó jọ Ìyá Aláṣọ." Ìyá Aláṣọ ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, àbúrò bàbá mi obìnrin. Wọ́n tún wò ó. "Àlàní, ilà mi ńkọ́?"

Mo ní fótò kì í sábà mú ilà tó ti pẹ́.

Wọ́n ní, "Èyí tí o fi ránṣẹ́ ńkọ́?"

Mo ní ìyẹn tóbi jù báyìí lọ, ó hàn níbẹ̀.

Màmá ní, "Ẹ̀yin onífótò lẹ mọ̀ ọ́n." Wọ́n fi fótò náà sábẹ́ ìrọ̀rí. Irọ́ méjì lórí ìdúró kan, fún ẹni tó pọ̀n mí. Mo jẹun lẹ́yìn náà, oúnjẹ náà sì gba ọ̀fun mi lọ.

Àbámẹ́ta, 21 Nòfẹ́ńbà

Ọyẹ́ ti dé. Eruku ń lẹ̀ mọ́ fíìmù kó tó gbẹ, mo ba mẹ́rin jẹ́ lọ́sẹ̀ yìí. Bébà fótò ti tún gbówó lórí. Mo ti ya èèyàn mẹ́tàlá nínú ogún.

Lójoojúmọ́ ni Màmá ń bi mí pé ṣé wọ́n ti dáhùn. Wọ́n ti ra gèlè tuntun, aláwọ̀ ewé, nítorí bí àlejò bá dé. Wọ́n ní kí wọ́n tún yàrá àwọn rẹ́. Ìyá Aláṣọ ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ tuntun ni wọ́n ń retí.

Àtàláátà, 1 Dìsẹ́ńbà

Lẹ́tà ti dé. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló mú un wá, kò jókòó.

Àyànbádéjọ kọ̀wé pé òun mú fótò náà lọ sí ilé kan tí wọ́n ti sọ ọmọ nù lójú ogun. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀, ojú wọn ti fọ́ láti ọdún mẹ́rin. Àwọn ni ẹ̀gbọ́n ọmọ náà. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ-ọmọ bá àwọn wo fótò: ṣé mẹ́ta wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, ṣé ẹyọ kékeré kan wà lábẹ́ ojú òsì? Àwọn ọmọ ní ojú obìnrin yìí dán, kò nílà rárá. Ìyá ní kí wọ́n gbé e lọ síta, sínú oòrùn, kí wọ́n tún un wò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kí wọ́n wò ó. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Kì í ṣe òun. Ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀."

Fótò náà wà nínú lẹ́tà. Tíṣà nà án sí mi. "Àlàní, mo fojú ara mi rí ilà lójú Màmá. Kí ni mo ń wò yìí?"

Mo wo ilẹ̀. Mo ní mo rò pé Nàìjíríà kan ṣoṣo la fẹ́.

Tíṣà ní, "Èmi ní kí o fi obìnrin yẹn hàn wá. Mi ò ní kí o gbà á lọ́wọ́ ara rẹ̀." Mo ti gbọ́ èébú láyé mi. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó báyẹn, kò sì pariwo. Ó ní kí n tún fótò náà tẹ̀, kí n fi ẹsẹ̀ ara mi gbé e lọ, kí n sì sọ òótọ́ fún Màmá lónìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Àlàrùbá, 2 Dìsẹ́ńbà

Mo sọ fún Màmá. Mi ò sọ òótọ́.

Mo ní àwọn ará Òkè-Ọsàn ní kì í ṣe ọmọ àwọn. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn. Bàbá Sàlàkọ́, olórí agbolé wa, wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìyàwó ilé. Bàbá ní, "A ti ní kí ẹ fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ẹni tí ogun kó, ibi tí ogun gbé e sí ni ilé rẹ̀." Obìnrin kan nínú wọn rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ẹrú wo ló nílé méjì. Gbogbo wa gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Èmi náà ò bá a wí.

Màmá ká gèlè tuntun náà, wọ́n fún Àgbékẹ́ ọmọ Ìyá Aláṣọ. Wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bóyá ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ pé èmi ni, tí kò kàn fẹ́ kí n wá rán an létí ọ̀já rẹ̀."

Ojú tì mí láti sọ ọ́, ojú sì ń tì mí báyìí pé mi ò sọ ọ́.

Àbámẹ́ta, 5 Dìsẹ́ńbà

Mo rí Màmá níwájú ilé. Mo gba ẹ̀yìnkùlé kọjá.

Àtàláátà, 8 Dìsẹ́ńbà

Ìbò ti sún mọ́lé. Ìjọba ti mú Tíṣà lọ sí Olúpọ̀nnà fún iṣẹ́ ìbò, kò ní í dé títí wọ́n á fi kà á tán. Kó tó lọ, ó bi mí pé ṣé mo ti tún un ṣe. Mo ní mo ń ṣe é lọ́wọ́. Irọ́ ni, mi ò tíì fọwọ́ kan fíìmù yẹn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú ń rọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á na ìka sókè bí àmì ẹgbẹ́ wọn, wọ́n á ní kí n yà wọ́n. Mo ní bí ìbò bá ti kọjá, màá lọ. Àwáwí ò lópin lẹ́nu ọ̀lẹ, àmọ́ mi ò ya ọ̀lẹ. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Àbámẹ́ta, 12 Dìsẹ́ńbà

A dìbò. Oòrùn ò jáde dáadáa nítorí ọyẹ́. Mo wà lórí ìlà, Màmá wà ní èèyàn mẹ́ta síwájú mi, wọn ò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn. Akọ̀wé tó wá láti ibòmíì wá orúkọ wọn, kò tètè rí i. Ó bi wọ́n pé, "Màmá, ọmọ ilé wo ni yín?"

Nígbà kan, Màmá á ti dárúkọ agbolé wa kó tó béèrè tán. Lónìí, wọ́n ní, "Ẹ bi wọ́n nínú ilé."

Mo yà kúrò lórí ìlà. Mi ò dìbò.

Àìkú, 13 Dìsẹ́ńbà

Mo fi òwú bọ tapẹntáìnì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu fíìmù. Pẹ́ńsùlù ò pẹ́ kó tó kúrò. Iṣẹ́ tí mo fi odindi ọ̀sán ṣe, kò gbà mí ju àkókò tí èèyàn fi ń jẹ ẹ̀kọ méjì. Ilà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà lábẹ́ ojú òsì ló yọ kẹ́yìn. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde gàdàgbà, mo gbé e sáàárín pákó méjì kí ó má baà ká. Mo jókòó tì í, mo sunkún. Ṣẹ̀fíátù rí mi, kò bẹ̀ mí. Ó ní, "Ẹ lọ kí ojú tó tún tì yín." Ó ti di ẹ̀wù mi sápò.

Àlàmísì, 17 Dìsẹ́ńbà, Òkè-Ọsàn

Ilé Àyànbádéjọ ni mo ti ń kọ èyí. Ọjọ́ méjì ni mo lò lójú ọ̀nà, lọ́rì bàjẹ́ lẹ́yìn Òṣogbo. Gbogbo irun mi pupa fún eruku.

A dé ẹnu ọ̀nà ilé náà láàárọ̀, mo rí èèyàn lábẹ́ àtíbàbà. Mo rò pé ìsọmọlórúkọ ni. Àyànbádéjọ fọwọ́ gbá mi lápá pé kí n rọra. Àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni. Ìyá arúgbó náà kú lọ́jọ́ kẹwàá oṣù yìí.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù ni lẹ́tà tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ká ní mo fọ fíìmù yẹn lọ́jọ́ náà, ǹ bá bá wọn láàyè. Mo ti kà á lórí ìka mi títí, iye kan náà ló ń jẹ́.

Ọmọ olóògbé, obìnrin àgbàlagbà, gba fótò lọ́wọ́ mi. Ó wò ó. Ó gbé e fún ọkùnrin tó jókòó tì í, ìyẹn gbé e fún òmíràn. Mo ń wo ojú wọn bí fótò ṣe ń lọ. Mẹ́ta, mẹ́ta, àti ẹyọ kékeré lábẹ́ ojú òsì. Gbogbo wọn ló ní in. Àgbàlagbà kan ní, "Ọládùnní rèé."

Obìnrin náà bi mí pé ta ni ti àkọ́kọ́, èyí tó dán.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ọ́. Mo sọ ti pẹ́ńsùlù, mo sọ ọjọ́ tí lẹ́tà dé àti ọjọ́ tí mo gbéra. Mo ń retí kí wọ́n lù mí, ì bá dára bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà kàn ní, "Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni ìyá wa fi ń sọ pé ọ̀já ló tú, pé àwọn ò jù ú sílẹ̀. Bí a ṣe ní ojú yẹn dán, wọn ò tún sọ ọ́ mọ́." Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé oúnjẹ fún mi, nítorí àlejò ni mí. Mi ò lè gbé e mì.

Mo béèrè orúkọ olóògbé. Ṣàngóbùnmi ni. Wọ́n ní kí n sọ fún Ọládùnní pé kó wá sí ogójì ọjọ́, pé ilé rẹ̀ nìyí.

Àbámẹ́ta, 19 Dìsẹ́ńbà

Mo bá Màmá ní yàrá wọn. Mo ní mo fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, àwa méjì péré. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ ti Òkè-Ọsàn ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Ojúde ni o ti sọ ti àkọ́kọ́. Jẹ́ ká lọ sí ojúde." Wọ́n ní kí Àgbékẹ́ pe Bàbá Sàlàkọ́ àti àwọn ìyàwó ilé, wọ́n dárúkọ èyí tó sọ̀rọ̀ ẹrú náà pẹ̀lú.

Mo dúró láàárín wọn, èmi tí mo máa ń sọ fún gbogbo wọn bí wọ́n ṣe máa gbé àgbọ̀n wọn sókè níwájú kámẹ́rà. Mo sọ ọ́ tán, títí kan bí ìyá afọ́jú náà ṣe ní kí wọ́n gbé fótò sínú oòrùn, kí wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n tó ní, "Kì í ṣe òun." Mo sọ irọ́ méjèèjì ti ọjọ́ Jímọ̀. Ìyá Aláṣọ ké "Háà" lẹ́ẹ̀kan. Bàbá Sàlàkọ́ ń fi ọ̀pá rẹ̀ wa ilẹ̀.

Màmá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

Mo ní, "Ṣàngóbùnmi ni orúkọ wọn, Màmá. Wọ́n kú lọ́jọ́ kẹwàá oṣù yìí. Wọ́n ní ọ̀já ló tú."

Ọjọ́ tí mo bá wọn mú orúkọ náà padà wá ni mo sọ ikú rẹ̀ fún wọn, ẹnu kan náà ni mo fi sọ ọ́. Màmá pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò. Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é." Mo ní, "Ọládùnní ni wọ́n ń pe ẹ̀yin." Wọn ò dá èyí lóhùn. Mo nawọ́ fótò sí wọn, wọn ò gbà á, Ìyá Aláṣọ ló gbà á.

Mo ní màá mú wọn lọ sí ogójì ọjọ́ náà fúnra mi. Ìyá Aláṣọ ní, "A ò bẹ̀ ẹ́. A mọ ibi tí lọ́rì wà."

Màmá ní, "Máa lọ, Àlàní. Bí mo bá fẹ́ rí ẹ, màá pè ẹ́." Wọn ò gbé mi ṣépè. Mo dúró díẹ̀ bóyá wọ́n á ṣépè.

Àtàláátà, 22 Dìsẹ́ńbà

Wọn ò tíì pè mí.

Àìkú, 27 Dìsẹ́ńbà

Mo ti fi tapẹntáìnì nu gbogbo fíìmù tó kù. Mo lọ bá Málàm ní Sábó, obìnrin Tápà, àti gbogbo àwọn tí mo pa ilà wọn rẹ́, mo bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Málàm rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti ń ya òun lẹ́nu pé òun rẹwà tó bẹ́ẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n fa fótò òun ya lójú òun, mo fà á ya.

Tíṣà ti dé. Ó ní kí iṣẹ́ wa máa tẹ̀ síwájú, ó ní fótò Màmá ló yẹ kó ṣíwájú lórí ògiri. Mo ní mi ò lè gbé e kọ́ láìjẹ́ pé Màmá fúnra wọn sọ ọ́. Ó ní kí n lọ bi wọ́n. Mo ní wọn ò tíì pè mí.

Ṣẹ̀fíátù ń lọ sọ́dọ̀ Màmá lójoojúmọ́. Ó ní láàárọ̀, Ìyá Aláṣọ á dúró lẹ́nu ọ̀nà Màmá, á pe "Ọládùnní." Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, Màmá ò dáhùn. Lánàá, wọ́n dáhùn.

Àlàmísì, 31 Dìsẹ́ńbà

Mi ò lè dúró de ìpè mọ́. Mo gba iwájú ilé lọ lónìí.

Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń pa ẹ̀gúsí, Àgbékẹ́ jókòó tì wọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Màmá."

Wọ́n gbójú sókè. Ojú Màmá ríran. Àwọn fúnra wọn ló ń fi òwú sínú abẹ́rẹ́ títí dòní. Wọ́n wo iwájú orí mi, wọ́n wo imú mi, wọ́n wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ọ̀tún àti òsì, wọn ò kánjú. Wọ́n wá yíjú sí Àgbékẹ́, wọ́n ní, "Ta ni ọkùnrin yìí?"

Àgbékẹ́ wò mí, ó wo ìyá ìyá rẹ̀.

Mo ní, "Èmi ni, Màmá. Àlàní ni. Ẹ̀yin lẹ pọ̀n mí."

Wọ́n tún mi wò. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n ní kí n gbé ojú mi sínú oòrùn, mo gbé e. Wọ́n ní, "Kì í ṣe òun." Wọ́n mú ẹ̀gúsí mìíràn nínú igbá, wọ́n ń pa á lọ.